Ìkòkò Ìyá Mi àti Agbémì

"Ẹ káàbọ̀, ìyàwó wa. Kí lẹ fẹ́ kí n bá yín gbé mì lónìí?"

Ohùn obìnrin ni. Ó dùn, ó rọ̀ bí òrí, inú ilé ìdáná mi ló sì ti ń wá. Mo dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò máńgòrò lọ́wọ́. Ọjọ́ keje ìgbéyàwó mi nìyí. Kí ni obìnrin ń wá nínú ilé ìdáná mi, tó tún wá ń kí mi káàbọ̀ sínú ilé ara mi? Mo ti ń fi ojú wá ìgbálẹ̀. Bí Láwuyì ọkọ mi bá ti lè kó obìnrin wálé láàárín ọjọ́ méje, èmi náà ò ní pẹ́ ṣẹ̀wọ̀n.

Mo já wọ inú ilé ìdáná. Kò sí obìnrin kankan níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ burú ju obìnrin lọ.

Wọ́n ti gé àárín síńkì mi. Wọ́n ti ki ẹnu irin kan bọ̀ ọ́, ẹnu tó fẹ̀ tó orí màlúù, eyín rẹ̀ tò yípo ó ń kọ mọ̀nà. Iná kékeré kan ń ṣẹ́jú lókè rẹ̀. Ó rí àpò ọwọ́ mi.

"Máńgòrò mẹ́fà," ló wí. "Èèpo àti kóró wọn yóò wúlò fún ìlú. Ẹ jẹ́ kí n gbé e mì."

"Gbé ìyá ẹ mì!"

"Ẹ má bínú, mi ò mọ oúnjẹ yẹn."

Mo ju àpò náà sílẹ̀. Máńgòrò yí jáde kiri ilẹ̀ ilé. Agbémì ni. Agbémì wà nínú ilé mi, nígbà tí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kò tíì lù, nígbà tí èmi ò tíì la ẹnu mi sọ pé mo fẹ́ ẹ. Òfin Ẹnu Kan kò fara sin fún ẹnikẹ́ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé wa gòkè: ILÉ KAN, ẸNU KAN. Ẹni tó bá yan Agbémì kò gbọdọ̀ ní ìkòkò. Ẹni tó bá yan ìkòkò, Agbémì ò gbọdọ̀ wọlé rẹ̀. Ohun tí ìyàwó àti ọkọ bá sì yàn ní ọjọ́ keje, kí aago mẹ́rin tó lù, ọdún méje gbáko ni wọ́n fi yàn án.

Ìkòkò mi!

Mo sáré lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn.

Ó ṣì wà níbẹ̀, níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń bà á. Ìkòkò amọ̀ dúdú tó ga dé orúnkún mi, tí ẹnu rẹ̀ ti sán díẹ̀, tí tẹ̀tẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ hù lójú rẹ̀. Ìyá mi ló ni ín kó tó di tèmi, ìyá tó bí ìyá mi ló sì ni ín kó tó di tiwọn. Orí ààtàn ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìrẹsà ni ìyá àgbà ti bu ilẹ̀dú inú rẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ìjọba da sìmẹ́ńtì bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Láti ìgbà náà, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo ẹyin, ewé tó ti rọ, ohunkóhun tó bá ti ṣẹ́kù nínú oúnjẹ ilé wa, inú rẹ̀ ló ń lọ. Ekòló inú rẹ̀ mọ ìdílé wa ju àwọn wolé-wolé lọ. Nígbà tí wọ́n bí mi sí àjà kọkànlá ilé gogoro kan, tí kò sí ilẹ̀ mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbẹ́, inú ìkòkò yẹn ni ìyá mi sin ìwọ́ mi sí. Bí ènìyàn bá bi mí pé níbo ni ìlú mi, ìkòkò yẹn ni mo máa fi hàn án. Ìyá mi kú nígbà òjò tó kọjá. Èèpo iṣu tí wọ́n bẹ kẹ́yìn kò tíì jẹrà tán níbẹ̀.

Okùn pupa kan wà lọ́rùn ìkòkò náà. N kò mọ̀ ọ́n rí. Mo nawọ́ sí i.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni okùn wí, ohùn ọkùnrin ni tirẹ̀. "Ilẹ̀ ìlú ni."

Àti síńkì, àti okùn, gbogbo wọn ló ní ẹnu nínú ilé yìí. Èmi nìkan ni wọn ò bi ní nǹkan kan.

"Láwuyì!"

Láti ọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, n kò pe orúkọ rẹ̀ ní ìhòòhò bẹ́ẹ̀ rí. Olówó-orí mi ni mò ń pè é, tí mo bá fẹ́ kó rẹ́rìn-ín, mà á sì fà á gùn. Ó jáde láti yàrá kékeré, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn ló wọ̀, aṣọ àwọn tó ń ki Agbémì bọ ilé onílé kiri. Ó wá ga, ó wá pupa, ó wá rẹwà lójú mi lọ́sàn-án yẹn débi pé inú tún bí mi sí i. Bí ènìyàn bá máa ṣe ibi, kí ló dé tí kò kọ́kọ́ burẹ́wà?

"Dérera, ìfẹ́ mi. O tètè dé."

"Mo tètè dé. Ìbá dára kí n pẹ́ díẹ̀ sí i, kó o lè ráyè ta èmi náà."

"Jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ta ló tẹ ìwé?"

Ó ń wo ilẹ̀, ó ń ka máńgòrò.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀! Àtàǹpàkò méjì ni ìwé ẹnu ń gbà kí wọ́n tó ki Agbémì bọ ilé. Ti ọkọ, ti ìyàwó. Àná la jọ dùbúlẹ̀ tí o ní a ó jẹun ọ̀sán tán lónìí, a ó jókòó, a ó sọ ọ́, a ó jọ yàn. Mo jáde láàárọ̀ lọ ra máńgòrò tí a ó máa jẹ bí a bá ti ń sọ ọ́. Àtàǹpàkò mi tẹ̀lé mi lọ ọjà, ó sì tẹ̀lé mi dé. Òun nìyí. Ta ló wá tẹ tèmi?"

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọrùn rẹ̀, sí ibi ṣéènì rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ṣáájú ìgbéyàwó wa ló gbé ìda oyin kékeré kan wá bá mi, ó yọ́ ọ lórí iná, ó ní, "Tẹ àtàǹpàkò rẹ sí i, kí n lè máa gbé ọwọ́ rẹ kiri, kí n má dá rìn mọ́ láyé." Mo sunkún lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ ẹ́, ó fi gíláàsì bò ó, ó sì so ó kọ́ ọrùn. Ọ̀rẹ́ mọ́kànlá ni mo sọ fún. Mẹ́ta nínú wọn jowú débi pé wọn ò bá àwọn àfẹ́sọ́nà wọn sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní ọkùnrin tó mọ ìfẹ́ ti tán nílẹ̀, èmi ni mo mú èyí tó kẹ́yìn.

"Bọ́ ṣéènì yẹn kí n rí i," ni mo wí.

"Dérera..."

"Bọ́ ọ!"

Ó bọ́ ọ. Gíláàsì ojú rẹ̀ ti ṣí. Àwọ̀ búlúù tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ṣì wà lára ìda náà, kò tilẹ̀ nù ún.

"Mo rò pé ìfẹ́ lò ń gbé kọ́ ọrùn," ni mo wí. "Àṣé kọ́kọ́rọ́ ilé mi lo rọ."

"Rárá o! Ọlọ́run ló mọ̀, lọ́jọ́ yẹn, ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ lásán ni."

"Ìgbà wo ló wá di kọ́kọ́rọ́?"

"Láàárọ̀ yìí. Nígbà tí mo gbé Màámi dé."

"Màámi wo?"

Ó yí padà, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré. Ìyá rẹ̀ ló sùn lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, tí mo fojú rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó tí wọ́n jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí Láwuyì ní ìrìnàjò láti Ìṣẹ́yìn ló rẹ̀ wọ́n. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà wọn. Ó ń wú, ó ń rọ̀, ó ń bá wọn mí. Nọ́ńbà pupa kan wà lára rẹ̀ tó ń dín kù.

"Dókítà ní ẹ̀dọ̀fóró wọn ti gbẹ," Láwuyì ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èéfín ààtàn tí wọ́n ń sun káàkiri ìgboro nígbà èwe wọn ni. Wọ́n ní ilé ìwòsàn ti ṣe tiwọn, kí a máa tọ́jú wọn nílé. Ẹ̀rọ yẹn kò gbọdọ̀ kú. Ilé ìkòkò, wákàtí mẹ́rin péré ló ń rí iná lójúmọ́, o mọ̀. Ilé Agbémì kì í mọ òkùnkùn. Bátìrì yìí máa parí ní aago márùn-ún. Dérera, kí ni kí n ṣe?"

"Kó o bi mí!"

"Bó o bá wá kọ̀ ńkọ́?"

Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. N kò rò pé ó mọ ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni fi omi gbígbóná dà sí mi lára ni. Mo wò ó, mo tún un wò. Ọdún méjì ni mo fi ojú ọkùnrin yìí ṣe dígí. Gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó, mo rí obìnrin rere níbẹ̀. Ta wá ni òun ń rí láti ọjọ́ yìí? Obìnrin tó máa jókòó ti ìkòkò amọ̀, tó máa máa bomi rin tẹ̀tẹ̀, kí ìyá ọkọ rẹ̀ kú sí yàrá kejì?

"O ti dá ẹjọ́ mi," ni mo wí. "O ò pè mí wá rojọ́, o ti dá a, o ti ní mo jẹ̀bi."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀..."

"Ìgbà wo ni dókítà sọ fún ọ?"

Ó fa ilẹ̀kùn yàrá Màámi sún mọ́ra.

"Ìgbà wo, Láwuyì?"

"Ó di ọjọ́ mẹ́ta lónìí. Mi ò fẹ́ ba ayọ̀ wa jẹ́. Inú rẹ ń dùn, ò ń kọrin kiri ilé. Mo ní kí n jẹ́ kó dùn díẹ̀ sí i."

Mo ti la ẹnu láti fún un lésì tó tọ́ sí i nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, tí ohùn obìnrin kan sì ké láti ìta pé, "Wolé-wolé o! Ẹ̀yin onílé, ẹ bora!"

Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wùmí ni, wolé-wolé àjà tiwa. Obìnrin kúkúrú tó sanra ni, bàtà rẹ̀ ń dún ṣàkà-ṣàkà, pátákó gíláàsì kan sì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ tí ìwé ẹnu gbogbo ilé wà nínú rẹ̀. Ó wo máńgòrò ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó wo ti Láwuyì.

"Ẹ̀ẹ́hẹ́n. Ọjọ́ keje. Bí mo ṣe máa ń bá wọn náà nìyí. Bí kì í bá ṣe máńgòrò, á jẹ́ àwo. Láti òwúrọ̀, ilé kẹta tí mo máa wọ̀ nìyí, orí ń fọ́ mi, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Ìwé yín ti wọlé lórí ẹ̀rọ, ẹ yan Agbémì, ẹ kú orí ire. Kí n kàn fi ojú rí àtàǹpàkò yín, kí n máa gbé ilẹ̀ lọ."

Láwuyì na tirẹ̀. Ó dọ́gba. Mo na tèmi. Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wùmí gbé e sún mọ́ gíláàsì, ó fà á sẹ́yìn, ó tún gbé e sún mọ́ ọn.

"Èyí tó wà nínú ìwé, ojú ọgbẹ́ wà lágbede méjì rẹ̀. Tìrẹ yìí ń dán bí ìgò."

Mo ti gbàgbé ọgbẹ́ náà. Ọ̀bẹ ló gé mi níbi tí mo ti ń bẹ iṣu oúnjẹ ìgbéyàwó. Ó ti jinná láti ìjẹta. Ṣùgbọ́n ìda kì í jinná.

Obìnrin náà fi gíláàsì sílẹ̀. Àwàdà tán lójú rẹ̀.

"Ọmọ mi, ìbéèrè kan péré ni mo ní. Rò ó kó o tó dáhùn, nítorí bó o bá ti sọ ọ́ jáde, mi ò lè dá a padà sí ọ lẹ́nu. Ṣé ìwọ lo tẹ ìwé yìí?"

Mo gbọ́ èémí Láwuyì lẹ́yìn mi. Mo mọ ohun tó wà nílẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ní èmi ni, ó parí, okùn pupa á fa ìkòkò ìyá mi lọ. Bí mo bá ní èmi kọ́, wọ́n á kun àtàǹpàkò ọkọ mi ní ọ̀dà dúdú tí ọṣẹ kì í fọ̀. Ọdún mẹ́ta. Àtàǹpàkò dúdú kì í ṣí ilẹ̀kùn, kì í gba iṣẹ́, kì í tẹ ìwé kankan. Ìyàwó rẹ̀ ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún un bí ọmọdé.

"Dérera," ó ń sọ ọ́ sí mi létí, "Àdùkẹ́ mi, jọ̀ọ́. Nítorí ìfẹ́ wa."

Ìfẹ́ wa! Ó fi ìfẹ́ wa jalè, ó tún fẹ́ fi ìfẹ́ wa gbé e pamọ́.

Ohun kan fẹsẹ̀ wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wa. Màámi ni. Wọ́n ti dìde, wọ́n ń fara ti ògiri bọ̀, ẹ̀rọ ń wú ó ń rọ̀ láyà wọn. Mo sáré di ọwọ́ wọn mú. Wọn ò wò mí. Ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Láwuyì. O ní ìyàwó rẹ ti gbà." Ọ̀rọ̀ kan, èémí kan. "Mo bi ọ́ nínú ọkọ̀. O ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí n máa bọ̀."

"Màámi, ẹ má dìde, ẹ..."

"Pa ẹnu ẹ mọ́! Bí olè bá dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Ṣé èémí olè lo fẹ́ kí n máa mí?" Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ìyàwó mi. Má purọ́ nítorí mi. Mi ò ní ká má purọ́ nítorí ẹ̀mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tèmi ti gbó, irọ́ á wúwo jù fún un."

Mo wo wolé-wolé lójú.

"Rárá, mà. Àtàǹpàkò mi ni. Èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́."

Ìyáàfin Ọ̀jẹ́wùmí mí kanlẹ̀, ó yọ ìgò kékeré kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó sì na ọwọ́. Láwuyì fún un ní àtàǹpàkò rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fún lábẹ́rẹ́. Ọ̀dà náà kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Láti ìdí èékánná dé oríkèé, ó dú bí èédú.

Mo rò pé inú mi máa dùn. Inú mi ò dùn. Ìbínú mi kò sì rọlẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́.

Wolé-wolé fa ìwé àkọ́kọ́ ya lójú gíláàsì. Okùn pupa tú sílẹ̀ lọ́rùn ìkòkò, mo gbọ́ tó jábọ́. Ó wo aago.

"Ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló kù kí aago mẹ́rin lù. Bó bá lù tí ẹ ò tíì yàn, ilé aláìlẹ́nu nìyẹn, wọn ò ní fún yín ní iná kankan rárá. Ọkọ ò ní àtàǹpàkò mọ́. Ìwọ nìkan lo kù, ìwọ nìkan lo máa yàn. Ìkòkò tàbí Agbémì?"

"Mo ní àbúrò ìyá mi kan ní Ọ̀yọ́," ni mo wí. "Ilé ìkòkò ni tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí wọn, kí n tó yan Agbémì."

"Òfin gbà á. Ẹbí sí ẹbí, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni ìwé ìrìnnà ilẹ̀ ń gbà kó tó jáde, ọmọ mi. Ká ní ìjẹta lo béèrè ni." Ó mi orí. "Èmi fúnra mi ni mà bá tẹ̀ ẹ́ fún ọ."

Ìjẹta.

Mo yíjú sí Láwuyì. Ó ti gbọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbọ́, pé nǹkan náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé sí i lórí ni.

"Ọjọ́ mẹ́ta lo fi mọ̀," ni mo wí. N kò pariwo mọ́. Ìbínú tó dé ibi tó dé nígbà náà, kì í pariwo. "Ká ní o bi mí lọ́jọ́ tí dókítà sọ fún ọ. Ká ní o kàn sọ pé, Dérera, Màámi ò lè mí. Ìkòkò ìyá mi ì bá ti wà ní Ọ̀yọ́ báyìí. Màámi ì bá máa mí. Àtàǹpàkò rẹ ì bá funfun. Èmi náà ì bá tún fẹ́ràn rẹ sí i, òmùgọ̀! Mà bá máa sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọkọ mi fẹ́ràn ìyá rẹ̀!"

"Mi ò mọ̀. Dérera, mi ò mọ̀."

"O ò lè mọ̀. O ò bi mí."

"Ìyàwó," Màámi wí láti orí àga tí mo gbé wọn kà, "yan ìkòkò rẹ. Kí wọ́n dá mi padà sí Ìṣẹ́yìn. Mo ti jẹ ayé tó."

"Màámi, ẹ má bínú, ẹ dákẹ́. Ẹnì kan ti bá mi yàn lẹ́ẹ̀kan lónìí. Ẹnikẹ́ni kò ní bá mi yàn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin."

Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Láwuyì fẹ́ kúnlẹ̀. Mo di apá aṣọ rẹ̀ mú.

"Má kúnlẹ̀ fún mi. Dúró. Wò mí lójú, kó o bi mí."

"Kí n bi ọ́ ní kí ni?"

"Ohun tó yẹ kó o bi mí ní ìjẹta. Bi mí nísinsìnyí, lójú wolé-wolé, lójú ìyá rẹ."

Omijé ti dé ipéǹpéjú rẹ̀, kò jẹ́ kó wálẹ̀.

"Fadérera. Ṣé... ṣé wàá gbà kí a fi Agbémì sí ilé wa, kí Màámi lè máa mí?"

"Mo gbà."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kúrú tó. Ọ̀rọ̀ méjì. Mo tẹ àtàǹpàkò mi tó ń dán lé gíláàsì, ìwé tuntun gbà á. Wolé-wolé fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìkòkò, nítorí ilẹ̀ ilé Agbémì, oko ìjọba ló ń lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni.

"Ẹ fi sílẹ̀, mà," ni mo wí. "Òun ló máa bù ú."

Láwuyì wò mí.

"Ìwọ lo gbé ẹ̀rọ yẹn wá. Fi ọwọ́ ara rẹ bọ́ ọ."

Ó gbé ìkòkò náà wọ ilé ìdáná. Mo tẹ̀lé e, mo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó fa tẹ̀tẹ̀ tu, gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ilẹ̀ ń já bọ́ lára rẹ̀. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́, ó dà á sí ẹnu irin.

"Ilẹ̀dú," ni Agbémì wí pẹ̀lú ohùn rẹ̀ dídùn. "Ojúlówó ni. Ìlú mọrírì yín."

Eyín rẹ̀ yí. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kejì. Ekòló kan ń jà láàárín ìka rẹ̀, ó sì dúró.

"Dà á," ni mo wí.

"Ó ṣì wà láàyè."

"Mo mọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló wà láàyè. Ìwọ́ mi náà wà níbẹ̀. Ó ti di ilẹ̀, o ò ní dá a mọ̀. Nítorí náà, rọra bù ú, nítorí o ò mọ èyí tó jẹ́ èmi."

Ìgbà yẹn ló sunkún. Ọkùnrin gíga yẹn, ó dúró ti síńkì, àtàǹpàkò dúdú, ọwọ́ dúdú, ó ń bu ilẹ̀ ìyá mi, ó ń sunkún bí ẹni tí wọ́n lù. Nínú gbogbo ìwé ìfẹ́ tí mo ti kà láyé mi, ibi tí ọkùnrin bá ti sunkún ni obìnrin ti máa ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ mi kò tilẹ̀ yẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi kan ìsàlẹ̀ ìkòkò, títí ó fi ń fi èékánná ha á. Agbémì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Mo kà á.

Nígbà tó tán, gbogbo iná ilé tàn lẹ́ẹ̀kan náà, àní àwọn tí n kò mọ̀ pé a ní. Mo lọ so ẹ̀rọ Màámi mọ́ ògiri. Nọ́ńbà pupa náà dúró, ó di funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Wọ́n mí, wọ́n tún mí, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wolé-wolé ti lọ.

Mo wọ yàrá wa. Láwuyì ti fọ ọwọ́ rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò kọjá ibẹ̀. Ó jọ pé ẹ̀rù ẹnu ọ̀nà ń bà á.

"Dérera," ló wí, "ṣé mo lè wọlé?"

Ìbéèrè tòótọ́ kejì tó bi mí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra nìyẹn. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo gbé ìrọ̀rí mi lórí bẹ́ẹ̀dì, mo fi èjìká mi kọjá lára èjìká rẹ̀, mo lọ sí yàrá Màámi, mo sì ti ilẹ̀kùn.